Fóònù yín tó ti ń lọ́ra: bẹ́ ẹ ṣe máa yan ROM tuntun àti bẹ́ ẹ ṣe máa fi sí i

Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn àgbẹ̀, àwọn aládìrẹ àti gbogbo ilé l'Ábẹ́òkúta àti agbègbè ẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù tẹ́ ẹ ti ń lò látọdún mẹ́fà méje, ojú ẹ̀ ò fọ́, bátìrì ẹ̀ ṣì ń gbé e dé ìrọ̀lẹ́, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ ṣí WhatsApp kẹ́ ẹ wo ohun tí oníbàárà tó fẹ́ ra láfún ní Lafenwa fi ránṣẹ́, ó máa yí títí, á tún ní kẹ́ ẹ lọ ṣe update, update ọ̀hún náà ò sì ní wọlé. Ọ̀pọ̀ èèyàn á sọ irú fóònù bẹ́ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀, wọ́n á kó owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ajílẹ̀ lọ ra òmíì. Ó máa ń dùn mí. Fóònù ò bàjẹ́, Android inú ẹ̀ ló ti gbó, iléeṣẹ́ tó ṣe é ò sì fi tuntun ránṣẹ́ mọ́. Àwọn áàpù náà ò ní dúró de ẹnì kankan, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni WhatsApp ti jáwọ́ lọ́rọ̀ Android 4.4.

Custom ROM ni Android míì táwọn tó mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kóra jọ ṣe, tẹ́ ẹ lè fi rọ́pò èyí tó bá fóònù wá. Èyí tórúkọ ẹ̀ tàn jù ni LineageOS, inú CyanogenMod ló ti jáde nígbà tí ìyẹn kógbá wọlé ní ìparí 2016, ọ̀fẹ́ sì ni. Tẹ́ ẹ bá gbé fóònù lọ bá àwọn onífóònù ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Ọmídá tí wọ́n ní àwọn máa bá yín flash ẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n á fi ROM sí i, ẹ bi wọ́n ROM wo ni, torí lọ́pọ̀ ìgbà ROM iléeṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n máa tún fi sí i. Ìyẹn lè tán ìṣòro ẹ̀ náà o, àmọ́ kò ní sọ Android yín di tuntun.

Ṣé ti yín ṣe é ṣe?

Ibí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù, ẹ má kánjú kọjá ẹ̀. Fóònù kọ̀ọ̀kan ló ní ROM tiẹ̀. Ti Samsung ò ṣe é fi sí Redmi, kódà ti Galaxy S5 kan lè má ṣe é fi sí Galaxy S5 míì. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wo About phone, ẹ kọ Model number sílẹ̀ lẹ́tà sí lẹ́tà. SM-G900F àti SM-G900V, Galaxy S5 làwọn méjèèjì, wọn ò yàtọ̀ lójú, ẹ lè gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kẹ́ ẹ má mọ èwo lèwo. Àmọ́ F ni èyí tí wọ́n tà káàkiri ayé, orúkọ tí LineageOS ń pè é ni klte. V ti Verizon ní Amẹ́ríkà ni, wọ́n ti ti bootloader ẹ̀ pa, bẹ́ẹ̀ náà ni SM-G900A tó jẹ́ ti AT&T. Bootloader yìí ni aṣọ́nà tó wà lẹ́nu ọ̀nà fóònù, tí ò bá gbà, kò sí ROM kankan tó máa wọlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo tòkunbọ̀, tí ti yín bá wá láti Amẹ́ríkà, ẹ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kẹ́ ẹ tó fi dátà ṣòfò.

Tẹ́ ẹ bá ti mọ model, ẹ lọ sórí wiki LineageOS, ìyẹn sáìtì ìtọ́sọ́nà wọn, ẹ wá fóònù yín níbẹ̀. Ẹ máa rí Google Pixel, Samsung, Xiaomi, Motorola, OnePlus, Sony. Redmi Note 7, bí àpẹẹrẹ, lavender ni wọ́n ń pè é, inú orúkọ fáìlì lẹ máa rí lavender yẹn, tó bá jẹ́ orúkọ míì lẹ rí níbẹ̀, kì í ṣe tiyín. Tecno, Infinix àti itel tó kún ọwọ́ wa, ẹ má fọkàn sí i pé ẹ máa rí wọn lórí àkójọ yẹn. Huawei náà ti dáwọ́ fífúnni ní kóòdù tí wọ́n fi ń ṣí bootloader dúró láti 2018. Fún irú àwọn wọ̀nyí, ìmọ̀ràn mi ni pé kẹ́ ẹ kó fọ́tò kúrò, kẹ́ ẹ yọ àwọn áàpù tẹ́ ò lò, kẹ́ ẹ ṣe factory reset (ìyẹn á pa gbogbo ohun tó wà nínú fóònù rẹ́, á sì dá a padà bó ṣe wà nígbà tó jáde ní iléeṣẹ́), ẹ máa rí i pé ara fóònù á fúyẹ́.

Tó bá jẹ́ fóònù kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ máa fi rí òmíì dì mú, kódà kó jẹ́ fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì. Owó ọjà, nọ́ńbà oníbàárà, ìpè ilé ìwé ọmọ, orí ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ báńkì tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì kì í fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí custom ROM. Google ní àyẹ̀wò kan tí wọ́n ń pè ní Play Integrity, òun làwọn áàpù yẹn fi ń wò ó bóyá Android tí iléeṣẹ́ fi sí fóònù ló ṣì wà níbẹ̀, tí ò bá rí bẹ́ẹ̀ wọ́n lè kọ̀ kí wọ́n má ṣí rárá. USSD ò ní wàhálà yẹn, orí síìmù ló ń gbà. Tẹ́ ẹ bá ń lo Samsung, ẹ mọ̀ pé tẹ́ ẹ bá ti fi nǹkan tí kì í ṣe tiwọn sí i, Knox, ìyẹn àmì ààbò Samsung inú fóònù, á yí sí 0x1, kò sì ní padà mọ́ láé, wáráńtì tó bá ṣì kù ti lọ nìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án

Tẹ́ ẹ bá ṣí bootloader, gbogbo ohun tó wà nínú fóònù ló máa pa rẹ́. Gbogbo ẹ̀ o. Ẹ ṣe backup WhatsApp, ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà wọnú Gmail, ẹ kó fọ́tò oko àti fọ́tò ọmọ sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ yọ síìmù àti mẹ́mórì. Ẹ tẹ *#06#, ẹ kọ IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín, sínú ìwé. Ẹ yọ àkáǹtì Google kúrò nínú Settings, torí tẹ́ ò bá yọ ọ́, ó lè béèrè páásìwọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ti gbàgbé, kó sì ti yín mọ́ta.

Orí láptọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ dáa ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, kì í ṣe kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí iná á mú kó kú láàárín iṣẹ́. Kí fóònù fúnra ẹ̀ ti kún ju ìdajì lọ dáadáa. ROM lè tó GB kan, ẹ wà á jáde (download) níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì dáa. Orí sáìtì àwọn tó ṣe é gan-an ni kẹ́ ẹ ti wà á, ẹ fi SHA-256 fáìlì (lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá fáìlì pé) wé èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀, tí kò bá dọ́gba, ẹ pa á rẹ́ kẹ́ ẹ tún un wà.

Iṣẹ́ gan-an

Nínú About phone, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje, Developer options á yọjú, ẹ tan OEM unlocking àti USB debugging níbẹ̀. Ẹ fi platform-tools ti Google, inú ẹ̀ ni adb àti fastboot tí láptọ́ọ̀pù fi ń bá fóònù sọ̀rọ̀ wà, sórí láptọ́ọ̀pù, ẹ so okùn, ẹ ṣí Command Prompt tàbí Terminal lórí láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ adb reboot bootloader, lẹ́yìn náà fastboot devices. Tí nọ́ńbà fóònù bá jáde, wọ́n ti ríra wọn. Fastboot flashing unlock ló ń ṣí ọ̀pọ̀ fóònù, àwọn tó pẹ́ díẹ̀ ń lo fastboot oem unlock. Xiaomi máa ní kẹ́ ẹ lo Mi Unlock, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ dúró ọjọ́ méje tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní sùúrù. Samsung ò ní fastboot, Download mode ni tiẹ̀. Wiki kọ ti fóònù kọ̀ọ̀kan síbẹ̀, òun ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe fídíò tí wọ́n fi fóònù míì ṣe.

Recovery ni ètò kékeré tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ fi sí fóònù bí wiki ṣe sọ, òun lẹ máa fi gbé ROM wọlé. Tí recovery LineageOS bá ti wọlé, ẹ yan Factory reset, kẹ́ ẹ tó yan Apply update àti Apply from ADB, kẹ́ ẹ wá tẹ adb sideload àti orúkọ fáìlì lórí láptọ́ọ̀pù. Lójú láptọ́ọ̀pù, ó lè dúró sí 47% kó kọ "failed to read command: Success", ẹ má fa okùn yọ, ẹ má pariwo, ojú fóònù ni kẹ́ ẹ wò, ó lè ti wọlé pátápátá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Play Store, kẹ́ ẹ tó tan fóònù nígbà àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti fi MindTheGapps, àkójọ àwọn áàpù Google, sí i, irú èyí tó bá Android yẹn àti irú ọpọlọ (processor) fóònù yín mu, arm tàbí arm64. Ó máa sọ pé Signature verification failed, ẹ ní yes, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá ń tàn, ó máa ń pẹ́, àmọ́ kì í sábà ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ padà sí recovery, ẹ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó kó nọ́ńbà padà sí i, ẹ fi síìmù sí i, ẹ tẹ *#06#, kó bá ti inú ìwé mu. Ẹ pe ẹnì kan, kí onítọ̀hún náà pè yín, ẹ ya fọ́tò ewé ẹ̀gẹ́ kan nínú oòrùn àti òmíì nínú òjìji, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Tí gbogbo ẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa wo Updater nínú Settings, System, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ibẹ̀ ni àtúnṣe tuntun á ti máa wọlé.