Bí mo ṣe ka ẹyẹ fún wákàtí méjì lọ́nà Mọ́níyà

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín o. Èmi tí mo ti ń ké "agbe ló laró, kì í ráhùn aró" láti kékeré, tẹ́ ẹ bá ní kí n fọwọ́ tọ́ka sí agbe lórí igi, mi ò lè ṣe é. Lékeléke àti àwòdì nìkan ló dá mi lójú.

Ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo ẹyẹ n'Ìbàdàn ni mo bá jáde ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹta. Kò sẹ́ni tó ń gbowó oṣù níbẹ̀, kálukú ló sanwó ọkọ̀ ara ẹ̀, tíṣà wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì náà wà níbẹ̀. Iṣẹ́ tá a lọ ṣe jẹ́ ti Nigerian Bird Atlas Project, ìyẹn iṣẹ́ kíkọ ibi tí ẹyẹ kọ̀ọ̀kan wà ní Nàìjíríà sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, àwọn APLORI, ilé ìwádìí nípa ẹyẹ tó wà ní Jọ́ọ̀sì, ló ń darí ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é rèé. Wọ́n ti fi ìlà pín gbogbo Nàìjíríà sí igun mẹ́rin-mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní pentad, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà 9 lóròó, 9 níbùú. Ẹ máa mú ọ̀kan, ẹ máa wà nínú ẹ̀ fún wákàtí méjì ó kéré tán, gbogbo ẹyẹ tẹ́ ẹ bá rí tàbí tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn ẹ̀ lẹ máa kọ, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa kọ irú kan. Èmi ò gbọ́ ìyẹn dáadáa, bí mo ṣe rí lékeléke lẹ́yìn màlúù ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà, mo ti ka mẹ́tàdínlógún nígbà tí ẹ̀gbọ́n tó kó wa jáde fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní "Àbúrò, a ò bi ẹ́ pé mélòó. Ṣé ó wà níbí àbí kò sí níbí, ìyẹn là ń wá."

BirdLasser lorúkọ áàpù tá a fi ń kọ ọ́, ẹ gbé e sórí fóònù láti ilé o, kí location yín sì wà ní títàn. Wàhálà tèmi ni pé òyìnbó lorúkọ ẹyẹ inú ẹ̀, kannakánná di Pied Crow, àparò di Francolin, ni mo bá kúkú ń fi Yorùbá kọ ọ́ sínú ìwé ná.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ dùn gan-an, kannakánná, àwòdì, àdàbà, àwọn ẹ̀gà tó ń fa imọ̀ ọ̀pẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n sì ń pariwo bí ẹni tó ń jà sí owó ọjà. Lẹ́yìn ìyẹn ló dákẹ́. Ìyá kan tó ń sá láfún sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń wò wá bá a ṣe gbé bàìnókúlà kọ́rùn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ilẹ̀ lẹ fẹ́ rà ni?"

"Rárá mà, ẹyẹ là ń wò."

"Ẹyẹ bíi ti báwo?"

Kí n tó dáhùn, nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ìgbẹ́, hu-hu-hu-hu, bí ìgbà tí omi ń tú jáde lẹ́nu kèrègbè. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n. Ìyá ò tiẹ̀ gbórí sókè, wọ́n ṣáà ń tẹ́ láfún wọn: "Ẹ̀lúlùú nìyẹn. Á tún pe òjò sórí láfún mi." Ló bá fò jáde lóòótọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ pupa rúsúrúsú, orí dúdú, ojú ẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná, ó sì balẹ̀ gbì bí ẹni tí wọ́n tì ṣubú. Mo kọ ọ́.

Kó tó pé wákàtí kan ààbọ̀ ni nǹkan tó ṣì ń dùn mí ṣẹlẹ̀. Ẹyẹ dúdú kan, orí ẹ̀ pupa, gba orí igi kan kọjá, pẹ́ẹ́, ó ti lọ. Mo pariwo. Ṣé ẹ rí i, mọ̀lẹ́bí ẹ̀gà kan wà tí wọ́n ń pè ní Ibadan Malimbe, ìlú wa ni wọ́n fi sọ ọ́, 1958 ni wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé, kò sì sí níbòmíì láyé àfi ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà níbí, igbó IITA wà lára ibi tí wọ́n ti ń rí i. Ẹ̀gbọ́n ò pariwo ní tiwọn. Wọ́n bi mí pé ibo ni pupa yẹn parí sí, ọrùn ni àbí àyà? Iwájú ojú ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó dúdú? Torí àwọn tó jọ ọ́ wà, wọ́n sì wọ́pọ̀ jù ú lọ. Mi ò mọ̀. Wọ́n ní ká fi í sílẹ̀, a ò kọ ọ́. Inú bí mi díẹ̀, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ, tó bá jẹ́ èmi nìkan ni, ǹ bá ti kọ irọ́.

Fóònù mi kú nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú, mo gbé ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ sókè jù. Ìwé 40 leaves yẹn ló gbà mí, ibẹ̀ la ti wo àwọn tó ṣẹ́kù tá a fi sórí fóònù ẹ̀gbọ́n. Irú mọ́kànlélọ́gbọ̀n la rí, wọ́n fi ránṣẹ́, a yà jẹ àmàlà.

Orí àmàlà ni mo tún ti bi wọ́n pé bó bá wá jẹ́ pé òun gan-an ni ńkọ́. Wọ́n gbé òkèlè mì kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Ẹyẹ yẹn ò kó lọ. Sátidé tó ń bọ̀, chájì fóònù ẹ."