Bí A Ṣe Lè Lo "By" Láì Ṣì Í Lò

Lẹ́tà méjì péré ni ọ̀rọ̀ atọ́kùn "by" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó lè dúró fún un níbi gbogbo. Ẹni tó bá kọ́ ọ sórí pé "láti ọwọ́" tàbí "nípa" ni ìtumọ̀ rẹ̀ yóò lóye gbólóhùn kan, èkejì yóò sì dojú rú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó sàn kí a máa bi ara wa léèrè, nígbàkígbà tí a bá pàdé rẹ̀, pé ìbéèrè wo ni ó wá dáhùn: ta ni, ibo ni, ìgbà wo ni, báwo ni, tàbí iye wo ni.

Ìtòsí ni ó kọ́kọ́ ń tọ́ka sí láti ìgbà Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ìyẹn náà sì ni "bei", ìbátan rẹ̀ nínú èdè Jámánì, ṣì ń tọ́ka sí dòní. Níhìn-ín, èdè tiwa ló ń la ọ̀rọ̀ yékéyéké jù. Létí odò ni a ń wí, lẹ́nu ọ̀nà, nídìí iná, lẹ́bàá títì, bẹ́ẹ̀ "by" kan náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún gbogbo wọn: "by the river", "by the door", "by the fire", "by the road". Kí a má kàn fi dípò "near". Ẹni tó ní ilé òun wà "near the sea" lè rìn díẹ̀ kó tó dé etí òkun, ṣùgbọ́n ẹni tó ní "by the sea", a retí pé omi kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀.

Tí ó bá jẹ́ "ta ni" ló ń dáhùn, ẹni tó ṣe nǹkan ni "by" ń mú wọlé lẹ́yìn tí gbólóhùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí: "He was bitten by a dog." Lóòótọ́, "láti ọwọ́" ni a ń kọ sí iwájú orúkọ òǹkọ̀wé lára ìwé, ṣùgbọ́n "a bù ú jẹ láti ọwọ́ ajá" kì í ṣe Yorùbá rárá, ajá kò tilẹ̀ ní ọwọ́. Ẹ mú olùṣe padà síwájú, kí ẹ ní "ajá bù ú jẹ", ọ̀rọ̀ ti tán.

Irinṣẹ́ kì í ṣe olùṣe. Nínú "The door was opened by a boy with a key", ọmọkùnrin ló ṣílẹ̀kùn, kọ́kọ́rọ́ ló fi ṣí i. Níbi tí "fi" wa bá ti ń tọ́ka sí ohun èlò báyìí, "with" ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò. Ìrìn àjò ló yàtọ̀: "by bus", "by train". Ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ dá dúró, nítorí bí "my" tàbí "the" bá ti wọlé, "by" yóò jáde: "in my car", "on the train". Ẹni tó sì fẹsẹ̀ rìn, "on foot" ni kó wí. Bí ọ̀rọ̀ ìṣe bá tẹ̀ lé "by", "-ing" ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀: "by reading", kì í ṣe "by read".

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà jù. "By Friday" túmọ̀ sí pé, ó pẹ́ jù, ọjọ́ Ẹtì, kí nǹkan náà ti parí. Ẹni tó bá ṣe é lọ́jọ́ Ajé kò jẹ̀bi. "Until Friday" ní tirẹ̀ ni "títí di ọjọ́ Ẹtì", ohun tó ń bá a lọ láìdáwọ́ dúró ni ó wà fún. Nítorí náà, "Submit the form by Friday", ṣùgbọ́n "Wait until Friday". Ẹ wo gbólóhùn yìí fínnífínní: "The form must be signed by the manager by Friday." "By" àkọ́kọ́ sọ ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, èkejì sọ gbèdéke rẹ̀. Bí a bá ń sọ ohun tó ti kọjá, "had" ni ó sábà máa ń bá a rìn: "By noon they had left", nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, wọ́n ti lọ.

Ní ti iye, "by" àti "to" lè ba ìṣirò jẹ́. Bí òṣìṣẹ́ 100 bá wà, tí a sì dín wọn kù "by 30", 70 ló ṣẹ́ kù. Bí ó bá jẹ́ "to 30", 70 ló ti lọ. Ìwọ̀n yàrá kò le: "3 metres by 4" ni. Níbi tí àwa ti ń sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, tí a ń ní wákàtí wákàtí ni wọ́n ń sanwó, "paid by the hour" ni tiwọn, lọ́kọ̀ọ̀kan sì ni "one by one".

Àkànlò bíi "by mistake" àti "by heart" kò ní àlàyé púpọ̀, kí a kàn mọ̀ wọ́n bẹ́ẹ̀ ni. "By myself" nìkan ni mo fẹ́ kí a dúró wò, nítorí ó lè jẹ́ pé mo nìkan wà, ó sì lè jẹ́ pé n kò gba ìrànlọ́wọ́. "Dá" ló bá a mu jù nínú èdè wa: "mo dá jókòó", "mo dá a ṣe".