Kókó paratáírọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́ àṣejù: bí ẹ ṣe máa rí ìtọ́jú gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní Ìlọrin tàbí Ọ̀fà, ẹni tówó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè gba ilé ìwòsàn aládàáni lọ bá dókítà àgbà tààrà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà àdúgbò tí wọ́n ń pè ní GP ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀, àìní ìwé ilé tàbí ìwé ìgbélùú kò sì tó ìdí láti lé yín. Ẹni tó ti san owó ìlera mọ́ físà rẹ̀ kò ní san owó iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ kókó tó bàjẹ́ mọ́.

Mẹ́rin ni kókó paratáírọ́ìdì, wọn kò ju hóró ìrẹsì lọ, ẹ̀yìn kókó ńlá tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì nínú ọrùn ni wọ́n fara pamọ́ sí. Àwọn ló ń ṣọ́ kálíṣíọ̀mù, èròjà tó ń mú eegun le, nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ọ̀kan bá wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í fa kálíṣíọ̀mù jáde lára eegun. Òùngbẹ, ìtọ̀ lemọ́lemọ́, ìgbẹ́ líle àti àárẹ̀ á tẹ̀lé e. Òkúta lè dì sínú kíndìnrín. Ọ̀pọ̀ á ní iṣẹ́ òru ló fà á.

Bí kálíṣíọ̀mù bá tó 2.6 mmol/L lẹ́ẹ̀mejì, wọn á wọn PTH, họ́mónù tí kókó náà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ibí gan-an ni nǹkan ti máa ń dàrú. Bí kálíṣíọ̀mù bá ga, ó yẹ kí PTH lọ sílẹ̀. Nítorí náà PTH tí ìwé àyẹ̀wò pè ní "déédéé" lè jẹ́ ẹ̀rí àìsàn. Ẹ bi wọ́n. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn yín dání pẹ̀lú: lithium (oògùn àìsàn ọpọlọ) àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru irú bendroflumethiazide lè gbé kálíṣíọ̀mù sókè.

Tí kálíṣíọ̀mù bá tó 2.85, tàbí tí òkúta kíndìnrín tàbí eegun fífẹ́lẹ́ bá wà, ẹ ní kí wọ́n kọ̀wé yín sí dókítà oníṣẹ́ abẹ. Skáànù ọrùn àti ti sestamibi (èyí tí wọ́n máa ń gún yín ní abẹ́rẹ́ kí kókó náà lè hàn) ni wọ́n fi ń wá kókó tó bàjẹ́. Bí ó bá hàn kedere pé ọ̀kan ṣoṣo ni, ojú abẹ kékeré bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ti tó, ọ̀pọ̀ sì ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Bí kò bá hàn, wọn á yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò. Ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe. Oògùn cinacalcet ń rẹ kálíṣíọ̀mù sílẹ̀, àmọ́ kókó ṣì wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ohùn lè há fúngbà díẹ̀. Bí ètè àti ìka bá ń ṣe yín wìnnìwìnnì, kálíṣíọ̀mù lè ti lọ sílẹ̀ jù: ẹ pe nọ́ńbà tí ilé ìwòsàn fún yín, tàbí 111, nọ́ńbà ìmọ̀ràn ìlera ìjọba. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tún wà láàárín oṣù 3 sí 6. Bí ẹ bá kó kúrò nílé, ẹ tètè sọ fún GP, kí lẹ́tà má baà ṣìnà.

Ẹ má fi wàrà sílẹ̀ nítorí kálíṣíọ̀mù; eegun ṣì nílò rẹ̀. Àmọ́ omi ló ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó fẹ́ gba ààwẹ̀ Ràmàdáànì kí wọ́n tó yọ kókó náà, kó bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oṣù tó lé, torí àìmomi a máa gbé kálíṣíọ̀mù sókè sí i.