Bí Mo Ṣe Ń Dán Ìkànnì Wò Kí N Tó Gbà Á Gbọ́

Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ní ní Ajara, l'Àgbádárìgì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ French Village ń wá tẹ iṣẹ́ wọn lọ́dọ̀ mi, àwọn ọmọ ń wá wo èsì ìdánwò, àwọn màmá tó ń tajà ní Agbalata náà á sì gbé fóònù wá: "Àǹtí, ẹ bá mi wo ìkànnì yìí, ṣé òótọ́ ni?" Ó máa ń dùn mí gan-an bí wọ́n bá ti sanwó tán kí wọ́n tó bi mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀, kí ẹni tí kò sí nítòsí mi lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Ibi tí ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ dáadáa ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ẹ má tíì lọ síbi tí ẹ ò mọ̀. Bí ẹnì kan bá ní kí n bá òun wo ìkànnì tó ń mú àlejò wá sí Àgbádárìgì, mi ò ní kọ́kọ́ wo iye tí wọ́n ń gbà. Ṣé wọ́n sọ pé ọkọ̀ ojú omi lèèyàn máa wọ̀ dé erékùṣù Gberefu, àbí wọ́n ní bọ́ọ̀sì á já yín síbẹ̀? Ṣé wọ́n ní kí ẹ wá ya fọ́tò lábẹ́ igi Agia? Igi yẹn, tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, ti wó láti 1959. Ohun ìrántí ni wọ́n gbé síbẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ pé igi náà ṣì ń ṣíji bo àlejò kò dé ibí rí, mi ò sì ní gbà á gbọ́ lórí owó ọkọ̀ àti ibi tí àlejò máa sùn.

Ẹnì kan á ní, "Àmọ́ ìkànnì púpọ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀." Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà ní Marina wa níbí. 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, ó parí ní 1845. Oríṣiríṣi ìkànnì ló ń kọ ọ́ pé inú ilé yẹn ni Àjàyí Crowther ti túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní 1846. Odindi Bíbélì Yorùbá kò jáde títí di 1884, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ kó tó parí. Báwo wá ni gbogbo ìkànnì wọ̀nyẹn ṣe ń sọ ohun kan náà? Ẹ mú gbólóhùn kan níbẹ̀, ẹ fi àmì àyọlò (“ ”) yí i ká níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi wá a lórí Google. Ẹ máa rí gbólóhùn kan náà, kọ́mà ò kúrò lójú ẹ̀, lórí ìkànnì mìíràn. Ẹnì kan ló sọ ọ́, àwọn tó kù dà á kọ ni. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo lẹ ní.

Àdírẹ́sì ló kàn. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín. Lẹ́yìn https:// ẹ wò títí dé ibi àmì / tó kọ́kọ́ tẹ̀ lé e, kí ẹ wá ti ẹ̀yìn kà á bọ̀ wá síwájú. Nínú jamb.gov.ng, .gov.ng ló wà lẹ́yìn pátápátá, ti ìjọba sì nìyẹn. Kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè fi owó rà. Ẹ wá wo jamb.gov.ng.example.com. JAMB wà níbẹ̀, gov.ng wà níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ni example.com ló ni ín. Ohun tó wà níwájú yẹn, ó lè kọ orúkọ tó bá wù ú síbẹ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo example.com nítorí pé wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún àpẹẹrẹ ni. Orúkọ tí àwọn gbájúẹ̀ ń lò kì í rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti dá mọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé èyí tí kò bá ní .gov.ng ti di ayédèrú. waecdirect.org ni àwọn ọmọ ń lò láti wo èsì WAEC, ojúlówó sì ni. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ibi tí ẹ ti rí àdírẹ́sì náà. Ara káàdì WAEC ni kí ẹ ti wò ó, tàbí kí ẹ béèrè nílé ìwé. Kì í ṣe líǹkì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp.

Àgádágodo kékeré tí wọ́n máa ń ní ká wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdírẹ́sì ńkọ́? Gbogbo ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó wà láàárín ọ̀nà kò lè yọjú wo ohun tí ẹ ń fi ránṣẹ́. Lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ pa dáadáa lè ti ọ̀dọ̀ gbájúẹ̀ wá. Ọ̀fẹ́ ni àjọ kan tó ń jẹ́ Let's Encrypt ń fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí tó ń gbé àgádágodo yẹn jáde. Chrome tilẹ̀ ti yọ àmì náà kúrò ní 2023. Ẹwà ìkànnì náà kò jọ mí lójú. Ti ìjọba máa ń falẹ̀, ti ọlọ́ṣà máa ń dán.

Bàbá kan wá láti Topo pẹ̀lú ìkànnì tó ń ta oògùn àtọ̀gbẹ. Wọ́n ní ẹni tó bá mu ún kò ní nílò oògùn ọsibítù mọ́. Fọ́tò obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí. Mo fọwọ́ tẹ fọ́tò náà pẹ́ títí Google fi ní ṣé kí òun bá mi wá a. Obìnrin kan náà yọ lórí ìkànnì òkè òkun tó ń ta tíì amúnifọn, orúkọ mìíràn ló ń jẹ́ níbẹ̀. Nọ́ńbà NAFDAC wà nísàlẹ̀. A wá a nínú àkójọ NAFDAC tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ò rí i. Mo mú páálí àgbo kan tó ní nọ́ńbà jáde, mo fi hàn Bàbá: NAFDAC ní kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé òun kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ wò. Nọ́ńbà tó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ kò sọ pé àgbo ń wo àtọ̀gbẹ sàn. Mo bẹ Bàbá kó má fi oògùn dókítà sílẹ̀.

Ìkànnì ìlera tó dára á kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti iṣẹ́ tó ń ṣe, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn, àti ibi tí wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ wọn. Á sọ ìpalára tí oògùn náà lè ṣe. Á sì sọ ibi tí ìmọ̀ dé dúró. Bí mo bá rí "a ò tíì mọ ìdí rẹ̀" nínú ìkànnì kan, ọkàn mi máa ń balẹ̀ sí i.

Bí wọ́n bá ní àwọn ti wà láti 1998, ẹ lọ sí lookup.icann.org, ẹ kọ àdírẹ́sì wọn síbẹ̀, ẹ máa rí ọjọ́ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lórí web.archive.org, ẹ lè rí bí ojú ìkànnì náà ṣe rí láyé àtijọ́. Èyí tó ń ta bàtà tẹ́lẹ̀ tó wá di báńkì, ẹ sá fún un. Kò sì sí ìkànnì tó nílò PIN káàdì ATM yín láti fi èsì ìdánwò hàn yín.

Ìkànnì àwọn tó ń ta ilẹ̀ ló le jù ládùúgbò wa. Èbúté ọkọ̀ òkun Badagry ni gbogbo wọn fi ń polówó. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2021 lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfọwọ́sí kì í ṣe ìkọ́lé, kò sì sọ pé ilẹ̀ tí wọ́n yà fọ́tò rẹ̀ jẹ́ tiwọn. Kò sí ìkànnì tó lè dáhùn ìyẹn. Ẹ gba ẹ̀dà survey plan, ìyẹn àwòrán tó fi ààlà ilẹ̀ hàn, lọ́wọ́ wọn, ẹ gbé e fún sọ̀fíyọ̀ tiyín, kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀.