DNS tó ń pẹ́ fèsì lórí Linux
Ẹ̀yin ará wa l'Ádó àti Ìkẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ ń lo Linux, ẹ fi ìlà yìí sábẹ́ àwọn nameserver yín (àdírẹ́sì àwọn ẹ̀rọ DNS, tó ń yí orúkọ ìkànnì sí nọ́ńbà àdírẹ́sì rẹ̀) nínú fáìlì /etc/resolv.conf: options timeout:1 attempts:2. Ìṣẹ́jú àáyá 1 ni ẹ̀rọ yín á fi máa dúró de ìkọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì máa gbìyànjú. Láìsí ìlà yìí, bí DNS àkọ́kọ́ bá dákẹ́, ìṣẹ́jú àáyá 5 ni ẹ̀rọ fi ń dúró kó tó bi èkejì, ẹ ò sì ní mọ ohun tó ń fa ìdádúró. Nameserver mẹ́ta péré ló ń kà. Ẹ má wulẹ̀ kọ ìkẹrin. Àmọ́ tí àkọ́kọ́ bá fèsì pé orúkọ náà ò sí, kò ní bi èkejì mọ́, torí náà DNS ọ́fíìsì àti 8.8.8.8 (DNS Google) ò lè ran ara wọn lọ́wọ́ níbẹ̀. Níbi tí systemd-resolved (ètò Linux kan tó ń bójú tó DNS) bá ti ń darí fáìlì yẹn, àtúnṣe yín á pa rẹ́.