Ìdí Tí Oògùn Kì í Fi í Ran Kòkòrò Mọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé

Bí oògùn tó ń pa kòkòrò tẹ́lẹ̀ kò bá ràn wọ́n mọ́, ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé oògùn náà ti mọ́ wọn lára. Ọ̀rọ̀ yìí ló ń ti àgbẹ̀ láti máa pọ oògùn sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni kò rí bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tí kò ní ààbò nínú ara rẹ̀ kò ráyè kọ́ ohunkóhun. Bí oògùn bá kàn án dáadáa, kíkú ló máa kú. Àwọn tí oògùn kò ràn ti ní ààbò náà látinú ìbí wọn, kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ ìfọ́nlẹ́ kọ́ ẹ̀yìn.

Inú jíìnì, ìyẹn ìtọ́ni inú ara tí ọmọ ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ni ààbò yìí wà. Ẹ̀dà méjì jíìnì kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pọ̀ kòkòrò ń jogún, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ akọ, èkejì láti ọ̀dọ̀ abo, àṣìṣe díẹ̀ sì máa ń wọ inú ẹ̀dà wọ̀nyí láti ìran dé ìran. Ọ̀pọ̀ àṣìṣe náà kì í ṣe nǹkan kan, àwọn mìíràn ń pani lára, ṣùgbọ́n lára eṣinṣin àti ẹ̀fọn, ìyípadà ẹyọ kan nínú jíìnì tó jẹ mọ́ iṣan ìmọ̀lára ti tó láti dín agbára DDT, oògùn apakòkòrò kan, kù gidigidi.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní kòkòrò 10,000 wà lóko, tí 10 péré nínú wọn ní ààbò, tí oògùn sì ń pa mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá àwọn tó kù. Lẹ́yìn ìfọ́n àkọ́kọ́, 999 aláìláàbò ló kù, àwọn 10 yẹn sì pé síbẹ̀. Bí àwọn tó yè bá bímọ títí wọ́n fi pé 10,000 padà, tí àwọn ọmọ sì jọ òbí, nǹkan bí ọ̀kan nínú 100 ló ti ní ààbò. Ìfọ́n kejì á sọ ọ́ di ọ̀kan nínú 11. Ẹ̀kẹta á sọ ọ́ di ìdajì. Kòkòrò kankan kò yí padà. Agbo wọn ló yí padà, èyí gan-an ni àwọn onímọ̀ ń pè ní àṣàyàn àdánidá. Ọdún 1939 ni wọ́n mọ̀ pé DDT ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n kó tó di 1950, eṣinṣin tí DDT kò ràn ti wà ní Súwídìn àti Ítálì.

Ti aáyán inú ilé tilẹ̀ yani lẹ́nu jù. Ìjẹ dídùn tí wọ́n po oògùn mọ́ ni wọ́n fi ń dẹ ẹ́, gúlúkóòsì sì máa ń wà nínú rẹ̀. Ní 1993, àwọn onímọ̀ kéde pé àwọn aáyán kan ń sá fún gúlúkóòsì, àti pé àjogúnbá ni. Ní 2013, wọ́n rí i pé gúlúkóòsì ń ta iṣan tí aáyán náà fi ń mọ ìkorò jí, débi pé bó bá ti tọ́ ọ wò ló ń fà sẹ́yìn. Níbi tí kò sí ìjẹ olóró, àdánù ni èyí, nítorí oúnjẹ gidi ni gúlúkóòsì; níbi tí ìjẹ olóró wà, òun ló ń gba ẹ̀mí là.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi oògùn kan ṣoṣo ja ogun náà. Ẹ wo ara ike oògùn kí ẹ lè mọ ẹgbẹ́ tó wà, ìyẹn ọ̀nà tó ń gbà pa kòkòrò, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ nìkan, torí oògùn mẹ́ta tí orúkọ wọn yàtọ̀ lè máa pa kòkòrò lọ́nà kan náà. Ẹ má ṣe bomi là á kọjá ìwọ̀n, kí àwọn tó jogún ẹ̀dà ààbò kan ṣoṣo má baà yè. Bí kòkòrò kò bá tíì pọ̀ débi tí yóò ba ohun ọ̀gbìn jẹ́, ẹ má fọ́n oògùn rárá. Àwọn aláìláàbò tó bá kù ni yóò bá àwọn aláàbò gùn, tí ààbò náà kò fi ní tètè gba gbogbo oko. Ní ti ilé, ẹ máa pààrọ̀ irú ìjẹ, kí ẹ sì máa dí ihò tí aáyán ń gbà wọlé.

Koríko pẹ̀lú kò yàtọ̀: glyphosate, oògùn apakoríko, dé ọjà ní 1974, ní 1996 sì ni wọ́n ròyìn koríko tí oògùn náà kò ràn mọ́ ní Ọsirélíà. Èyí tó bá yè láàárín àwọn tó ti kú, ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó so èso.