Nọ́ńbà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Bí Mo Ṣe Ń Ra Táyà Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Tàn Lójú Òru

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdájí ni mo máa ń ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Peckham. Ilé ọ́fíìsì ni mo ń tún ṣe nítòsí Liverpool Street, aago márùn-ún la sì ń wọlé. Màá gba Old Kent Road, màá já sí Tower Bridge Road, màá gun afárá, ó di Aldgate. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ rìn ín. Tó bá di oṣù Kejìlá ní Lọ́ńdọ̀nù, aago mẹ́jọ àárọ̀ ni oòrùn tó ń yọ, kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sì tó lù, ó ti wọ̀. Èmi tí mo tún ní iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, inú òkùnkùn ni mo ń lọ, inú òkùnkùn ni mo ń bọ̀.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í yé béèrè pé, “Màmá Tóbi, kí ló ń tàn lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ yín yẹn?” Táyà ni. Ìlà kan ló yí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká, kò fẹ̀ ju okùn bàtà lọ. Lójú ọ̀sán, àwọ̀ eérú lásán ni. Kò ní bátìrì, kò sì lè dá tàn.

Bàbá mi máa ń ṣọdẹ òru nígbà tí a wà ní Ìwó, iwájú orí ni wọ́n ń de iná kábáídì mọ́. Wọ́n ní ojú ẹtu á máa tàn bí ẹyin iná fún àwọn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lọ́tọ̀ọ́tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kò ní rí nǹkan kan. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti wá ni ojú ẹran yẹn ń dá a padà sí. Nígbà tí iná sì wà níwájú orí ọdẹ, ojú ọdẹ náà ló ń padà bá. Ohun tí ìlà táyà yìí ń ṣe fún awakọ̀ nìyẹn. Iná ọkọ̀ á bọ́ sí i, á dá a padà fún ẹni tó jókòó sẹ́yìn iná.

Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi ojú lásán yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín, ẹ gbé e sí ẹ̀bátí, kó sún mọ́ ojú dáadáa. Ẹ sún sẹ́yìn bí ìgbésẹ̀ mẹ́wàá, kí ẹ wá tan án sí táyà náà. Tí ẹ bá gbé fóònù sí àyà, ìlà tó dára pàápàá lè dà bíi pé kò ṣiṣẹ́. Èyí tó dára á kọ mànà ní funfun yí po. Tó bá ń tàn níbì kan, tó ṣókùnkùn níbòmíràn, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Ẹ sì ṣọ́ra fún táyà tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ funfun báláú. Àwọ̀ funfun lásán nìyẹn, ọ̀ṣọ́ ni. Èyí tó dà bí eérú yẹn gan-an ló sábà máa ń ṣiṣẹ́ lóru.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó débi ìlà rárá, ẹ wo nọ́ńbà. Kẹ̀kẹ́ tí mo kọ́kọ́ ní níbí, 26 ni táyà rẹ̀. Mo rí táyà onílà kan tí wọ́n kọ 26 x 1 3/8 sí lára, mo ní 26 ṣáà ni 26, mo sanwó. Mo délé, mo gbé e lé rímù, ó fẹ̀ bí ẹ̀wù ẹ̀gbọ́n lọ́rùn àbúrò. Mo ti já ìwé ara rẹ̀, ẹni tó tà á kò gbà á padà. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé nọ́ńbà kejì wà, kéékèèké, tí wọ́n tẹ̀ mọ́ rọ́bà ara táyà. Rímù tèmi, 559. Táyà tí mo rà, 590. Ìyàtọ̀ 31 mìlímítà, orúkọ kan náà!

Torí náà, ẹ wá nọ́ńbà tó rí bí 37-622 lára táyà tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ yín báyìí. 37 ni fífẹ̀ rẹ̀, 622 ni ibi tó ti ń jókòó lórí rímù, mìlímítà sì ni méjèèjì. Nọ́ńbà kejì yìí, 622, kò gbọdọ̀ yàtọ̀ rárá. Fífẹ̀ rẹ̀, 37 yẹn, lè fi díẹ̀ pọ̀ sí i, bí ààyè bá ṣì kù láàárín táyà àti mọ́dígáàdì. Kẹ̀kẹ́ Raleigh àwọn bàbá wa, 28 x 1½, 635 ni. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìgboro òde òní tí wọ́n tún ń pè ní 28, 622 ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹnu lásán ta táyà fún yín.

Lẹ́yìn nọ́ńbà, ìgò. Ẹni tó bá mọ Old Kent Road ní ìdájí ọjọ́ Àìkú á mọ ohun tí mò ń sọ. Ìlà tó ń tàn kò wúlò fún ẹni tó kúnlẹ̀ sẹ́bàá títì tó ń lẹ túùbù, òjò sì ń rọ̀. Táyà tí wọ́n ń pè ní Schwalbe Marathon ló wà níwájú kẹ̀kẹ́ mi, ti ẹ̀yìn jẹ́ Marathon Plus, torí ẹ̀yìn ló ń jò jù. Rọ́bà tó wà nínú Plus yẹn nípọn, ó tó 5 mìlímítà, ó sì wúwo. Ọjọ́ tí mo fẹ́ fi í sí rímù, àtàǹpàkò mi wú. Fọganáísà ní Ìwó ì bá ti fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ tún wo ọfà tó wà lára táyà, kó kọjú síbi tí kẹ̀kẹ́ ń yí sí.

Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ìlà yìí ń ṣọ́ fún yín o. Awakọ̀ tó ń bọ̀ látẹ̀yìn kò rí i. Òfin ibí ní kí iná funfun wà níwájú, kí pupa wà lẹ́yìn, kí ohun pupa tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà náà wà lẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n sì ṣe lẹ́yìn 1 Oṣù Kẹwàá 1985 gbọ́dọ̀ ní irú ohun tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ ọsàn, lára pẹ́dà. Kò sọ pé dandan ni ti táyà. Ní Jámánì ni òfin ti fẹ́ ohun tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́, táyà onílà sì wà lára ohun tí wọ́n gbà. Ẹni tí kò bá tíì lówó táyà lè ra ọ̀pá tín-ín-rín tó ń tàn, èyí tí wọ́n ń há mọ́ sípóòkì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ní òpópónà kan tó já sí Tower Bridge Road, ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ́ yọ sí mi lọ́dún kẹta. Ó ti ń rọra sún jáde, ó wá dúró gìrì. Ọkùnrin náà yọ orí, ó ní òun kò rí èèyàn, òbírí méjì tó ń yí lòun rí. Ká ní eré ló ń bá bọ̀ ni, kí iná rẹ̀ tó kàn mí, mo ti wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà, mo ṣì máa ń tẹ bíréèkì ní gbogbo oríta.

Bíréèkì yẹn gan-an ni ọ̀tá ìlà. Bó ṣe ń ha rímù, eruku dúdú ń fò bo ẹ̀gbẹ́ táyà, tó bá fi máa tó ọ̀sẹ̀ méjì, ìlà ti kú. Omi ọṣẹ àti àkísà tó. Ẹ má fi kẹrosíìnì kàn án, á jẹ rọ́bà. Ẹ má sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ sílẹ̀, torí táyà tó bá rọ̀ á máa ṣẹ́ po, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á sán. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo ń nu tèmi, tí mo bá ti lọ aṣọ iṣẹ́ tán. Màá wá pa iná pálọ̀, màá gbé fóònù sí ẹ̀bátí.